Ẹ̀fọ́ Ẹ̀ẹ̀rùn Lọ́wọ́ Tọkọtaya: Bí Oko Kékeré Ṣe Lè Máa Mú Ọjà Jáde Láìdáwọ́ Dúró

Ohun tí ó ń da oko ẹ̀fọ́ ọ̀pọ̀ tọkọtaya rú ní agbègbè Àbújá kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Wọn a gba àkùrọ̀, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní fadama, sí ẹ̀bá omi ní Gwagwalada, Kuje tàbí Kwali. Wọn a kọ gbogbo ebè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọn a sì fọ́n irúgbìn sí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin bá pé, gbogbo ẹ̀fọ́ náà á tó kórè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí ó bá dé orí oko á ti mọ̀ pé dandan ni kí wọ́n tà, yóò sì dá iye tí ó wù ú. Èyí tí kò bá rà á gbó, á yọ òdòdó, á di oúnjẹ ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko á kọjá láìsí owó tí ó wọlé, owó irúgbìn á sì ti bá ọbẹ̀ lọ.

Bí ó ti rí fún èmi àti ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí a dáko nìyẹn. Ebè mẹ́wàá ni a gbìn lọ́jọ́ kan, ìdajì rẹ̀ ni a rí tà. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é láti ìgbà náà ni mo kọ síhìn-ín: kí a máa gbin díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, kí a sì pín iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí agbára ẹni méjì á fi ká a. Àsìkò tí ó wà fún ni láti ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, títí di oṣù kẹta. Tẹ̀tẹ̀ ni olórí irúgbìn rẹ̀. Ewédú àti ṣọkọ ń tẹ̀lé e.

Ohun tí ẹ ní láti ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ilẹ̀ tí ó gba ebè mẹ́rìnlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1, pẹ̀lú ojú ọ̀nà láàárín wọn.
- Ọkọ́ méjì, àdá kan, ráàkì kan, èèkàn àti okùn.
- Agolo ìbomirin mẹ́rin onílítà 10, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Méjì fún ọkọ, méjì fún ìyàwó.
- Ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ, nǹkan bíi kílò 15 fún ebè kan.
- Irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, láti ọwọ́ ẹni tí ó gbìn ín ní ọdún tí ó kọjá.
- Bàtà òjò fún ẹni méjèèjì. Ẹ má fi èyí ṣeré. Inú omi tí kò ṣàn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń wọ ara ènìyàn, awọ ẹsẹ̀ lásán ló sì ń gbà wọlé.
- Ìwé ìkọ̀wé kan, bírò kan, àti ike mẹ́ta tí ó ní ìdérí fún owó.

Ẹ̀rọ tí ń fa omi dára bí owó bá wà, ṣùgbọ́n n kò kà á mọ́ ohun tí ó pọn dandan fún ebè mẹ́rìnlá. Mo ti rí àwọn tí wọ́n fi gbogbo owó wọn ra ẹ̀rọ, tí wọn kò sì ní owó ìgbẹ́ adìẹ mọ́.

Ìpele kìíní: Ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó sanwó ilẹ̀

Ní oṣù kẹwàá, gbogbo odò kékeré ló kún, gbogbo kànga ló sì ní omi. Oṣù kejì àti oṣù kẹta ni òtítọ́ máa ń fara hàn. Nítorí náà, kí ẹ tó fún onílẹ̀ ní owó ìyálẹ̀, ẹ bi àwọn obìnrin Gbagyi tí ń pọn omi ní agbègbè náà pé oṣù wo ni omi ibẹ̀ máa ń gbẹ, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n ju onílẹ̀ lọ, wọn kò sì ní ìdí kankan láti tan yín. Bí wọ́n bá ní kànga náà kì í gbẹ ṣùgbọ́n ó máa ń lọ sílẹ̀, ẹ béèrè bí okùn ṣe máa ń gùn tó nígbà náà.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni kí wọ́n gba ilẹ̀ tí gọ́tà ìgboro ń ṣàn gbà nítorí pé omi ibẹ̀ kì í tán. Omi gọ́tà kò yẹ lára ewé tí ènìyàn yóò jẹ, ojú oòrùn kì í sì í wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Bákan náà, ẹ san owó ìyálẹ̀ níwájú baálẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ máa jáde sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pọn agolo mẹ́wàá jáde nínú kànga ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, kí ẹ sì dúró fún wákàtí kan. Bí omi náà bá padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kànga náà ṣeé gbára lé. Bí ó bá ń sun bí omijé, ẹ wá ibòmíràn.

Ìpele kejì: Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ tutù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìgbìn àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ìgbẹ́ adìẹ ti wà lóko. Ẹ kó o jọ sí abẹ́ igi, ẹ wọ́n omi sí i kí ó tutù díẹ̀, ẹ fi àpò bò ó, kí ẹ sì máa yí i padà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìgbẹ́ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti ilé adìẹ gbóná. Ó máa ń jó gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àgbẹ̀ á sì máa rò pé irúgbìn ni kò dára.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà. Bí kò bá gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ kò sì ta yín lójú, ó ti tó lò.

Ìpele kẹta: Ebè kíkọ

Ẹ fi okùn àti èèkàn wọn ebè kọ̀ọ̀kan kí ó tó di pé ọkọ́ balẹ̀. Fífẹ̀ mítà 1 ni mo yàn nítorí pé ẹni tí ó dúró sí ojú ọ̀nà á lè na ọwọ́ dé àárín ebè láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, ẹ fọ́ ògúlùtu rẹ̀, ẹ da kílò 15 ìgbẹ́ adìẹ sí i (nǹkan bíi kórobá ọ̀dà ńlá méjì tí kò kún), kí ẹ sì pò ó mọ́ ilẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má gbé ebè ga bí ti ìgbà òjò. Ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ ga díẹ̀ ju àárín lọ bí etí àwo, kí omi lè dúró níbẹ̀.

Ebè méjì péré ni kí ẹ kọ fún ọjọ́ ìgbìn kọ̀ọ̀kan. Ebè tí ẹ bá kọ sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, koríko ni yóò kọ́kọ́ gbà á.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ da agolo omi kan sí àárín ebè. Bí ó bá tàn káàkiri tí ó sì wọlẹ̀ láìṣàn sí ojú ọ̀nà, ebè náà tẹ́jú.

Ìpele kẹrin: Kàlẹ́ńdà ìgbìn

Ibí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má yí i padà nítorí ìkánjú. Nínú ebè mẹ́rìnlá, méjìlá ni ti tẹ̀tẹ̀ tí a ń fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ pín méjìlá yìí sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, ebè méjì fún ọ̀wọ́ kan. Ọ̀wọ́ kìíní di gbígbìn ní ọjọ́ 1, ìkejì ní ọjọ́ 6, ìkẹta ní ọjọ́ 11, ìkẹrin ní ọjọ́ 16, ìkarùn-ún ní ọjọ́ 21, ìkẹfà ní ọjọ́ 26. Láti nǹkan bí ọjọ́ 26 ni tẹ̀tẹ̀ ọ̀wọ́ kìíní yóò ti tó kórè. Ẹ tà á tán, ẹ tún ebè náà kọ pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ, kí ẹ sì tún un gbìn ní ọjọ́ 31. Láti ìgbà náà lọ, ebè méjì yóò máa bọ́ sí ọjà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ebè méjì mìíràn yóò sì máa gba irúgbìn.

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú gidigidi, ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òtútù òru máa ń fa ìdàgbàsókè sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀fọ́ ọ̀wọ́ kan kò tíì ga tó ní ọjọ́ 26, ẹ sọ àlàfo ìgbìn di ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà títí òtútù á fi rọlẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìgbẹ́ púpọ̀ lé e láti fi tì í síwájú.

Ebè méjì tí ó kù ni ti ewédú àti ṣọkọ. Àwọn wọ̀nyí kì í bá kàlẹ́ńdà tẹ̀tẹ̀ mu. Ewédú máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó tó gé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e láìfà á tu, ó máa ń rúwé padà. Ọbẹ̀ ilé yín àti àwọn oníbàárà tí wọ́n fẹ́ àdàlù ni ebè méjì yìí wà fún.

Bí ẹ ṣe máa fọ́n tẹ̀tẹ̀: irúgbìn rẹ̀ kéré jọjọ, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn yóò rí i pé ibì kan ṣù bí irun orí ọmọ, ibòmíràn sì pá. Ẹ bu irúgbìn ṣíbí ìjẹun kan tí kò kún, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ agolo mílíìkì mẹ́ta, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì, kí ẹ fọ́n ìdajì ní gígùn ebè, kí ẹ sì fọ́n ìdajì kejì ní ìbú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ráàkì rà á lórí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ má bò ó jinlẹ̀. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sórí rẹ̀, nítorí oòrùn, ẹyẹ àti èèrà, kí ẹ tó bomi rin ín.

Bí ẹ ṣe máa ṣe ewédú: èèpo irúgbìn rẹ̀ le, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbìn ín tí kì í fi í hù. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì rì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a sí ibòji kí ó gbẹ, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ ti sè é nìyẹn.

*Àyẹ̀wò:* Tẹ̀tẹ̀ yẹ kí ó ti yọjú láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún. Gbàrà tí ẹ bá ti rí i, ẹ kó koríko tí ẹ tẹ́ kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó pẹ́ sí i, ẹ̀fọ́ á ga tẹ́ẹ́rẹ́, á funfun, á sì wó nígbà tí oòrùn bá kàn án. Ibi tí ó bá ṣù, ẹ fà díẹ̀ tu níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá fà tu dùn nínú ọbẹ̀.

Ìpele karùn-ún: Omi, àti bí ẹ ṣe máa pín ọjọ́

Ebè kan tí ó jẹ́ mítà 10 ní gígùn nílò nǹkan bíi lítà 40 lóòjọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí í ṣe agolo méjì ní òwúrọ̀ àti méjì ní ìrọ̀lẹ́. Fún ebè mẹ́rìnlá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ agolo 56 lóòjọ́: 28 ní òwúrọ̀, 28 ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹni méjèèjì bá gbé agolo méjì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìrìnàjò méje ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lówùúrọ̀, méje sì ni ti ìrọ̀lẹ́. Mo ṣe ìṣirò yìí níwájú yín nítorí pé ibi tí oko tọkọtaya ti máa ń fọ́ nìyí. Bí ọ̀kan bá dá iṣẹ́ omi dá èkejì, ìrìnàjò mẹ́rìnlá lówùúrọ̀ kan pẹ̀lú agolo méjì lọ́wọ́ á dá a ní ẹ̀yìn kí oṣù kan tó pé. Òfin tí a gbé kalẹ̀ nínú ilé tiwa ni pé iṣẹ́ omi kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyàwó. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é, iṣẹ́ yòókù la lè pín.

Bí ọjọ́ wa ṣe máa ń lọ nìyí. Ní aago mẹ́fà kù díẹ̀, a ti wà lóko. A bomi rin tán kí oòrùn tó mú. Ọkọ mi á dúró láti ro oko àti láti kọ ebè tí ó kàn. Èmi á padà sílé láti múra àwọn ọmọ fún ilé ìwé, bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ ọjà, èmi ni mo ń gbé ẹ̀fọ́ lọ. Láti aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ oko. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, a padà sí ìdí omi. Ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, a ó ṣí ìwé. Ẹlòmíràn lè pàṣípààrọ̀ ti ọkọ àti ti ìyàwó. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹni tí ń kọ ebè mọ̀ pé òun ni, kí ẹni tí ń lọ sọ́jà sì mọ̀ pé òun ni, kí ó má baà di pé ọjọ́ ìgbìn kọjá nítorí pé olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ti ṣe é.

Bí ìyàwó bá lóyún, bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, tàbí bí ọkọ bá ní láti rìnrìn àjò, ẹ dín ebè kù sí méje, ẹ gbin ọ̀kan dípò méjì ní ọjọ́ ìgbìn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá ọ̀kan sí fún ewédú. Ebè méje tí ó mu omi yó sàn ju mẹ́rìnlá tí ó rọ lọ.

Ìkìlọ̀: fún ẹ̀fọ́ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ rẹ agolo sílẹ̀ kí omi má baà gbẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ síta. Ẹ má bomi rin ní ọ̀sán gangan.

*Àyẹ̀wò:* Ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Ó yẹ kí ẹ bá ọ̀rinrin níbẹ̀. Bí ó bá gbẹ táútáú, omi òwúrọ̀ kò tó; bí ó bá ń rin ṣọ̀pọ̀ṣọ̀pọ̀, ẹ dín in kù.

Ìpele kẹfà: Koríko, kòkòrò àti màlúù

Ẹ fi ọwọ́ fa koríko ní ọjọ́ kejìlá tàbí ọjọ́ kẹrìnlá; lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀ á bo ilẹ̀.

Ìdin tí ń ká ewé pọ̀ ni ọ̀tá tẹ̀tẹ̀. Èso igi dóńgóyárò, tí ó kún gbogbo àdúgbò wa, ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni wọ́n ń ṣa á, nítorí náà ẹ ti tọ́jú rẹ̀ ṣáájú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gún kóró inú rẹ̀ tí ó gbẹ, ìdajì kílò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ bu ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó pé ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó kórè.

Mo fi tọkàntọkàn bẹ̀ yín: ẹ má fọ́n dichlorvos, oògùn tí wọ́n fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn nínú ilé, sára ẹ̀fọ́. Májèlé ni. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà gbangba, síbẹ̀ mo ṣì ń rí i lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ̀fọ́ náà, ọmọ tiyín náà yóò sì jẹ ẹ́.

Ní ti màlúù, ẹ̀ẹ̀rùn ni koríko gbẹ, ìdí omi tí ẹ wà sì ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún ṣe ọgbà yí oko ká. Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ mú yín mọ àgbà àwọn Fúlàní tí ó wà nítòsí kí wàhálà tó dé, kí ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹran wọn láti dé ibi omi. Bí màlúù bá wọ oko, ẹ má yọ àdá. Ẹ pe àgbà náà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ yí ewé mẹ́wàá wò lábẹ́ ní ebè kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ìdin lára ju méjì lọ, ó ti tó àkókò láti lo dóńgóyárò.

Ìpele keje: Kíkórè àti títà

Ẹ sọ fún ẹlẹ́fọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ti yàn ní ọjọ́ tí ẹ gbìn pé ọjọ́ báyìí ni yóò tó. Àǹfààní kàlẹ́ńdà ni pé ẹ ti mọ ọjọ́ náà, ẹlẹ́fọ̀ọ́ a sì máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tí oníbàárà ń pè é: tẹ̀tẹ̀ ni alayyaho lẹ́nu Hausa, ewédú sì ni lalo.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni kí ẹ fà á tu. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi kànga, ẹ dì í ní ìdì tí ó dọ́gba, ẹ gbé e nàró sínú àpò tí ẹ ti rẹ sínú omi, kí ẹ sì bò ó. Àwọn kan máa ń wọ́n omi sórí ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó dì í mọ́ inú ọ̀rá. Ooru á sè é, yóò sì ti dúdú kí ọ̀kadà tó dé ọjà.

Bí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá fẹ́ ra odindi ebè lórí ìdúró, ẹ kọ́kọ́ fa mítà kan tu, ẹ ka ìdì rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni ẹ tó mọ ohun tí ẹ ń tà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ̀fọ́ tí ẹ gbé lọ ní òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ ṣì lè dúró ṣánṣán ní ọ̀sán. Bí ó bá ti rọ, ẹ pẹ́ kí ẹ tó kórè, tàbí àpò gbẹ lọ́nà.

Ìpele kẹjọ: Owó, ní alẹ́ ọjọ́ ọjà

Ẹ kó owó sílẹ̀ níwájú ara yín kí ẹnikẹ́ni tó ná nínú rẹ̀. Nínú 1,000 náírà tí ó bá wọlé, a máa ń fi 300 sí ike oko, 500 sí ike ilé, 200 sí ike ìpamọ́. Ẹ lè yí ìpín náà padà, ṣùgbọ́n ike oko ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní tirẹ̀. Irúgbìn, ìgbẹ́ adìẹ àti owó ọkọ̀ nìkan ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde. Bí ìyá tàbí àbúrò bá béèrè owó, inú ike ilé tàbí ti ìpamọ́ ni kí ó ti wá, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọjọ́, ọ̀wọ́ ebè, iye ìdì àti iye owó sínú ìwé.

*Àyẹ̀wò:* Kí ọjọ́ ìgbìn tí ó kàn tó pé, ẹ ka owó inú ike oko. Ó gbọ́dọ̀ tó ra ohun ebè méjì láìyá owó. Bí kò bá tó fún ẹ̀ẹ̀mejì léra, ìpín oko kéré jù tàbí ẹnì kan ti bù nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún ara yín ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí òjò bá ń bọ̀

Ìgbìn ìkẹyìn ni ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹta, kí ẹ lè kó o tán kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún àkùrọ̀. Láti oṣù kìíní ni kí ẹ ti dá igun ebè kan sí, kí ẹ má fà á tu, títí yóò fi so, tí orí rẹ̀ yóò sì gbẹ. Ẹ gé e, ẹ sá a, ẹ lù ú, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì rọ irúgbìn rẹ̀ pẹ̀lú eérú díẹ̀ sínú ìgò tí ó gbẹ. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sí ara rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ẹ ka ogún kóró nínú rẹ̀ sórí aṣọ tútù. Bí mẹ́rìndínlógún bá hù kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ẹ kò ní láti ra irúgbìn lọ́dún náà.